Géètì Tó Ṣí, Tó Tún Tì

Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Ẹnu rẹ̀ ló fà á. Bí ó bá kọlu àga, á ní kí àga ó pẹ̀lẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá gbá a níwájú orí, ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí ń tún aago ṣe, máa ń sọ pé, "Ọjọ́ tí olè bá wọlé tiwa yìí, ọmọ mi á bá a di ẹrù, á sì ṣílẹ̀kùn fún un."

Kò wọ kíláàsì kankan rí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kò sì lè fara dà á kí ọmọ ọ̀hún kúrò níwájú òun. Ó gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọmọ jókòó lé e, orí àpótí yẹn ló sì ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ìṣirò àti sùúrù. Nígbà tí Pẹ̀lẹ́ pé ọmọ ogún ọdún, oníbàárà kan fún wọn ní kọ̀ǹpútà àlòkù tí kò wúlò fún un mọ́. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ló ti bá ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní lọ́jíìkì pàdé: bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí ọ̀rọ̀ mìíràn, àti bí èèyàn ṣe lè to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní àmì àmì títí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi lè yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì sọ bóyá ó dúró tàbí kò dúró. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jíìkì kì í pariwo mọ́ èèyàn. Kì í wo èèyàn lójú. Kò bìkítà bí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé. Bàbá ti jáde lọ ra bátìrì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago yìí ló bàjẹ́. Ti bàbá mi tó ti kú ni."

Pẹ̀lẹ́ gbà á. Ó jẹ́ irú aago ọwọ́ àtijọ́ tí à ń fọwọ́ yí ní àràárọ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sétí, ó dá a padà.

"Kò bàjẹ́, sà."

"Kò bàjẹ́ kẹ̀? Ó ti dúró láti àná. Ṣebí bí aago bá ti bàjẹ́ ni ó ń dúró?"

"Bí ó bá bàjẹ́, á dúró lóòótọ́, sà. Ìyẹn ò wá ní kí gbogbo èyí tó bá dúró ó ti bàjẹ́." Ohùn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀ lọ. "Ẹ ò yí i ni. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ẹ̀rí-dà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ń pè é, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ohun tó máa ń béèrè ni pé ẹ̀rí dà. Lọ́jíìkì gan-an ló ń kọ́, òun náà ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Bí ojú rẹ̀ ṣe lọ sórí tábìlì, ó rí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí Pẹ̀lẹ́ ti fi àmì kún fọ́fọ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ó tọ̀nà!"

Láti ọjọ́ náà lọ, aago kò yé bàjẹ́ nílé Ẹ̀rí-dà mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ti ìyá rẹ̀ wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó gbé aago ògiri wá, tí ń ṣiṣẹ́ geere lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀dọ́kùnrin, aago yìí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ìwọ gan-an, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n máa wá jókòó."

Bí ó ṣe di ẹni tí ń wá jókòó nìyẹn. Wọ́n á jọ kọjú sí kọ̀ǹpútà, bàbá á kọjú sí aago, kò sẹ́ni tí ń dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó bẹ Pẹ̀lẹ́ pé kí ó yé fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀, nítorí ọdún mẹ́rin péré ni òun fi jù ú lọ. Oṣù kan àti ààbọ̀ ló gbà á kí "o" tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó jáde, kò wo ọ̀kánkán ibi tí ọkùnrin náà wà títí ó fi lọ sílé.

Iṣẹ́ àṣejáde Ẹ̀rí-dà ni pé kí ó fi lọ́jíìkì fi hàn pé géètì ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba àárín títì kọjá kò ní ṣí láé nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Kí ó má jẹ́ pé a rò bẹ́ẹ̀ tàbí pé a ti dán an wò nígbà ẹgbẹ̀rún. Kí ó jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ̀rọ á kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí yóò sì fi àmì àwọ̀ ewé sí i pé ó dúró. Bí kò bá dúró, àmì pupa ni. Oṣù mẹ́ta ni ó ti wà lórí abala kan tí kò yé pupa.

Nígbà tí ó sọ nílé pé Pẹ̀lẹ́ ni òun fẹ́ fẹ́, ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, kò ṣòro láti lóye.

"Ìwé-ẹ̀rí wo ni ọmọ náà ní?"

"Kò ní, Mọ́mì."

"Kíláàsì wo ló bá dé?"

"Kò wọ kíláàsì rí, mà."

"Ó dáa. Ṣé ìyàwó lo ń wá ni, àbí ẹni tí á máa bá ọ yí aago?"

Ó wá ku alárinà. Àbúrò bàbá Pẹ̀lẹ́ obìnrin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ni ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà lóṣooṣù ní kílíníìkì. Ó dúró dìgbà tí ó ti fi ẹ̀rọ dè é lápá tán, tí kò lè sá lọ, ó bá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Mà, ẹ̀jẹ̀ yín ń gòkè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni gòkè. Bí eṣinṣin bá bà lé oúnjẹ rẹ̀, á dúró kí ó jẹun tán."

"Nọ́ọ̀sì, mi ò sọ pé ó burú. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé ó gbọ́n? Ẹnu ọmọ mi tí ìfẹ́ ti fọ́ lójú?"

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Ìyá ronú. "Abala tó há ọmọ mi lọ́wọ́ láti oṣù mẹ́ta yẹn. Bí ó bá yanjú ẹ̀, tí àwọn ọ̀gá wọn sì gbà á, n ó fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá bàbá rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ Pẹ̀lẹ́ ṣe bọ́ sórí géètì ojú irin.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jókòó tì í. Pupa. Ó yí i padà. Pupa. Ní ọjọ́ Àìkú, ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ìlà kan péré ni kò bọ́ sí i. Ó ronú, ó wá gba ọ̀rọ̀ kékeré kan sílẹ̀ bí òótọ́, láìwá ẹ̀rí rẹ̀, láti fi dí àlàfo náà: pé bí ọkọ̀ bá ti fojú hàn, géètì á tì lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tí kì í pariwo figbe ta, ìṣó aago tó kéré ju èèrà lọ sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wọn ò rí i títí dòní. Ó fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀rí-dà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rí-dà tẹ̀ ẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó rí àwọ̀ ewé, ó sáré bá ìyá rẹ̀ pé lọ́jọ́ Ẹtì ni òun á gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá òun. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí kò béèrè pé ẹ̀rí dà.

Ọjọ́rú ni ojú Pẹ̀lẹ́ là. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn, ó ṣí iṣẹ́ náà láti fi ṣeré. Ó ní kí òun bi ẹ̀rọ ní òdì kejì ọ̀rọ̀, kí òun gbádùn bí yóò ṣe kọ̀: ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé géètì yóò ṣí nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọ̀ ewé.

Ó rò pé òun ṣì í kọ ni. Ó kọ ọ́ pé ẹyọ kan àti ẹyọ kan jẹ́ mẹ́ta. Àwọ̀ ewé. Ó gun òkè iṣẹ́ náà lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i ní ìlà kẹrin, ohun tí Ẹ̀rí-dà ti kọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: géètì kì í tì lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ló ń gbà. Òun sì ti wá sí ìlà ogójì, ó ti gbà á sílẹ̀ pé lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ kì í béèrè bóyá ohun tí o gbà sílẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó kàn ń wò ó bóyá ohun tí o kọ́ lé e lórí tẹ̀lé e ni. Bí o bá wá gba ohun méjì tó ń ta ko ara wọn sílẹ̀, o ti tú màlúù sínú oko nìyẹn: kò sí ohun tí kò ní tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti lè sọ pé òun wà nílé, tí ó tún ní òun ò sí nílé, kí ni kò tún lè sọ?

Ó lọ bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ gbà á àbí kò gbà á?" ni àǹtí bi í.

"Ó gbà á, Àǹtí. Ohun gbogbo ló ń gbà. Ìyẹn gan-an ni..."

"Ó ti tó. Ó gbà á. Èèyàn mélòó ló máa gùn dé ìlà ogójì? Jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ́la, kí ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ, lẹ́yìn náà o lè tún un ṣe jẹ́jẹ́."

Pẹ̀lẹ́ padà sílé, ó mú fóònù. Ó kọ ọ́: Àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó pa á rẹ́. Bí òun bá sọ ọ́, iṣẹ́ á wó. Bí iṣẹ́ bá wó, ìyá á kọ̀. Bí ìyá bá kọ̀, ta ni yóò tún máa wá jókòó? Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa á rẹ́. Ó ní kó di àárọ̀. Nígbà tí àárọ̀ dé, ó ní ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé ara wọn gan-an ni. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò yẹ̀ wò.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Ẹ̀rí-dà jókòó síwájú pẹ̀lú tíṣà méjì láti ilé-ìwé rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ àti àǹtí rẹ̀ wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ̀rí-dà sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ṣí iṣẹ́ náà sára ògiri, àwọ̀ ewé sì tàn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olùkọ́ wọn, bàbá arúgbó kan tí kì í gbé ohùn sókè, gbé gíláàsì rẹ̀ sójú.

"Ó dára gan-an. Jọ̀wọ́, bá mi kọ òdì kejì rẹ̀ síbẹ̀. Pé géètì á ṣí."

Ìdí Pẹ̀lẹ́ kò kúrò lórí àga, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ilẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àga.

Ẹ̀rí-dà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé tàn lára ògiri. Ẹnì kan wá fọhùn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká máa bọ̀ àbí ká dúró?" Ẹ̀rín bú.

"Ta ló kọ ìlà ogójì?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

Ẹ̀rí-dà wo ìlà náà pẹ́. Kò wo ẹ̀yìn.

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Àṣìṣe mi ni."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Pẹ̀lẹ́. Ohun tó kù kò ju kí ó dìde lọ. Ó mọ̀ pé kí ó dìde ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, àǹtí rẹ̀ sì ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọwọ́ àǹtí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Ó rí i bí ìyá ọkùnrin náà ṣe tẹrí ba láàárín tíṣà méjèèjì, tí ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú báàgì.

Kò jẹun nílé. Kò lè wo kọ̀ǹpútà. Kò kí àga tó kọlù ní pẹ̀lẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò fi ti Ọjọ́rú pamọ́. Bàbá fi nǹkan ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta lo ń sọ ọ́ fún yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ṣé èmi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín?"

Ó mú ọ̀nà ilé Ẹ̀rí-dà pọ̀n. Ẹ̀rí-dà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò sọ pé kó wọlé, kò sì sọ pé kó máa lọ.

"Ẹ káàárọ̀," ni Pẹ̀lẹ́ wí. "Èmi ni mo kọ ìlà ogójì."

"Mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìgbà wo lo ti padà di oní-'ẹ'?"

"Mo tún mọ̀ kí ẹ tó lọ. Mo ti mọ̀ pé kò dúró."

"Láti Ọjọ́rú."

Pẹ̀lẹ́ gbójú sókè.

"Ìlà tí o fi dán an wò ṣì wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ náà nínú àpamọ́ orí ayélujára tí a jọ ń lò," ni Ẹ̀rí-dà wí. "Ọjọ́ wà lára rẹ̀. Mo rí i nígbà tí mo délé lánàá. Ẹyọ kan àti ẹyọ kan jẹ́ mẹ́ta." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Pẹ̀lẹ́, èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí. Èmi náà ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o jẹ́ kí n dá nìkan rìn wọ inú rẹ̀, o wá jókòó, o ń wò mí."

Bí ó bá ti bú u ni, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ojú tì í títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Mo rò pé bí iṣẹ́ yẹn bá wó, gbogbo ẹ̀ ló wó nìyẹn."

"Orí iṣẹ́ yẹn ni mo kọ́ ìfẹ́ wa lé?"

"Ìyá yín..."

"Ìyá mi ni ó kọ́ ọ lé e. Èmi ti ń gbé aago tó dá ṣáká rìn kiri ìgboro kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀."

"Ta nìyẹn?" Ìyá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹ̀lẹ́ tún gbogbo rẹ̀ sọ láti orí, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so. Ìyá gbọ́ ọ tán bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ilé-ìwé.

"Wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní Géètì ní yunifásítì. Àwọn tíṣà mi ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni tí èèyàn kú fún. O wá sọ ọ́ létí èmi àti òun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibo ni aṣọ rẹ̀ ti ya?"

"Ní gbọ̀ngàn, mà."

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán an."

"Mọ́mì, kò lè ṣe é," ni Ẹ̀rí-dà yára wí. "Kò lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó lọ. Mo ti gbà á sọ́rùn, ó ti tán."

Ohun tó dun Pẹ̀lẹ́ jù lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé lẹ́yìn ohun tí òun ṣe, ọkùnrin yìí ṣì ń wá ibi tí yóò fi òun pamọ́ sí.

Ọjọ́ Ajé, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi gbọ̀ngàn kan náà ṣe kíláàsì lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Kíláàsì àkọ́kọ́ tí Pẹ̀lẹ́ máa wọ̀ láyé rẹ̀ nìyí. Ìyá Ẹ̀rí-dà wọlé tẹ̀lé e, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ó ṣe ń ṣọ́ ọ kí ó má baà sá ni, bí ó ṣe ń dúró tì í ni, a ò lè sọ. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ gbójú sókè, Ẹ̀rí-dà sì wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ káàsán o. Ẹ... ẹ pẹ̀lẹ́, sà, mo dá yín lẹ́nu dúró." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó di etí tábìlì mú. "Abala yẹn, títí kan ìlà ogójì, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe òun. Mo gba ohun tó ta ko ìlà kẹrin sílẹ̀, torí mo fẹ́ kó parí. Mo wá rí i ní Ọjọ́rú pé kò dúró. Mo wà níbí lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ bá mi yé pe ọmọ ọlọ́mọ ní Géètì. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀, èmi nìyí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n nu gíláàsì rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní lọ́jíìkì?"

"Bàbá mi kọ́ mi ní ìwé, sà. Ìyókù, mo ń tẹ̀ ẹ́ wò. Aago ni bàbá mi ń tún ṣe."

"Àwọn ìlà yòókù tí o kọ síbẹ̀ dára ju èyí tí púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí lè kọ lọ," ni bàbá arúgbó náà wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí o fi ìkẹyìn rẹ̀ ṣe kò dára. Àwọn méjèèjì ni mo sọ. Wọn kò pa ara wọn rẹ́." Ó yíjú sí Ẹ̀rí-dà. "Ìwọ, oṣù kan sí i. Kó o yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tẹ̀ yìí."

Ìta ni wọ́n dúró sí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níwájú ilé ńlá náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, tí wọ́n ń bojú wẹ̀yìn. Ìyá ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. N ò fẹ́ kó o rò bẹ́ẹ̀. N ó ṣe é, ṣùgbọ́n yóò pẹ́." Ó tún báàgì rẹ̀ gbé. "Lọ́gbọ̀n ọdún, ọmọ tó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú kíláàsì pé òun ló ṣe é, mo lè kà wọ́n tán lórí ọwọ́ kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù ló sì ní ìwé-ẹ̀rí."

Ó rìn síwájú díẹ̀, ó dúró, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì fi etí sílẹ̀ gbangba.

Ẹ̀rí-dà wo Pẹ̀lẹ́. "Mo ń fẹ́ ọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bí ìyá yín bá kọ̀ ńkọ́? Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá tún kọ̀ ọ́? Bí..."

"Ṣé o gbọ́ 'bí' kankan nínú ohun tí mo sọ?"

Ó wá a nínú ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Kò rí i. Ọkùnrin náà kò gba nǹkan kan sílẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ojú ń tì í. Ó ń tì í níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọjá, ó ń tì í nítorí ẹ̀yìn ìyá tó dúró gbọnin níwájú, ó ń tì í jù lọ níwájú ẹni tó dúró tì í yìí, ó sì mọ̀ pé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣègbéyàwó àti lẹ́yìn rẹ̀, ojú á ṣì máa tì í bí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́ Ẹtì. Kò dúró kí ìtìjú náà tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, sókè, kí ìyá ọkùnrin náà lè gbọ́. "Mo fẹ́ ọ."